Ọjọ́ Mẹ́rin ti Lékelèke

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin tí etí yín ń yún yín. Kí ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ gbé e sílẹ̀ ná, nítorí ìtàn yìí kò ṣe é fi ìdúró gbọ́. Lábẹ́ igi emi ńlá, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tí ó wà ní ojúde ìlú wa, Ìdí-Emi, ni mo ti gbọ́ ọ, láti ẹnu ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí gan-an. Ọ̀nà ti jìn láàrin èmi àti igi náà báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, mo ṣì ń gbóòórùn èso rẹ̀ tí ó bọ́ sílẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ ń jà sí.

Ọdẹ́dìran ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọdẹ ni, ó ga, ó gbẹ bí igi ìdáná, irùngbọ̀n rẹ̀ sì gùn dé àyà. Apẹkùn ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí awọ ẹkùn kan tí ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ láti ìgbà èwe. Bí ó bá ń sọ bí ó ṣe pa ẹkùn náà, ìwọ tí ń gbọ́ yóò máa wo ẹ̀yìn rẹ. Ó ní ọwọ́ lásán ni òun fi pa á. Ó ní òun gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì, ẹkùn sì tọrọ àforíjì kí ó tó kú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà a máa tẹ́ ẹní yí i ká, Lágbàyí agbẹ́gilére a sì jókòó síwájú pátápátá, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọdẹ kọjá láìfọwọ́ kàn án.

"Bàbá, ẹkùn náà sọ Yorùbá ni àbí?" Lágbàyí a bèèrè.

"Ó sọ ọ́ ju tìrẹ lọ," Ọdẹ́dìran a dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹnu tí ọdẹ fi ń jẹ ẹran ni ó fi ń dá ọ̀ràn. Ọdẹ́dìran bí ọmọ kan ṣoṣo, Ọdẹ́bùnmi. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dàgbà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjùwọ̀n, tí ó máa ń gbé ẹja gbígbẹ wá tà láti ìlú òkèèrè kan tí ń jẹ́ Ìparí-Omi, sọ pé òun ni òun yóò fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ ìdána, àgbà ìdílé Àjùwọ̀n kúnlẹ̀ níwájú Ọdẹ́dìran, ó ní:

"Bàbá wa, ilé wa jìn o. Òfin ọba wa, Olúparí, sì le. Ọmọ tí ẹbí ìyá rẹ̀ kò bá fi ẹnu ara wọn sọ lórúkọ kí oòrùn ọjọ́ kẹjọ tó wọ̀, ààfin ni ó ni ín. Wọn kò ní fún un lórúkọ, kò sì ní mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti wá títí yóò fi kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní àbúrò yín kan kí ó bá wa lọ, kí ó máa gbé ibẹ̀ de ọjọ́ náà."

Ọgbọ́n ni ọkùnrin yìí gbé kalẹ̀. Bí Ọdẹ́dìran bá ti gbà, ìtàn ìbá ti parí, oúnjẹ ni à bá máa jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń wo ẹnu rẹ̀.

"Àbúrò ta ni?" ni ó wí. "Èmi Apẹkùn ni ẹ ń bá sọ ọ̀nà jíjìn? Ẹ má mú ẹnikẹ́ni dání. Ọjọ́ tí ọmọ mi bá bímọ, bí Ìparí-Omi bá wà lẹ́yìn ọ̀run, n ó débẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé. Bí n kò bá dé, kí ọba yín gbé ọmọ náà."

Ọdẹ́bùnmi tí ó borí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ gbé ojú sókè wo bàbá rẹ̀. Wọ́n sì lọ.

Ọdún kan kọjá, méjì kọjá, ìròyìn ọmọ kò dé. Ó di ọdún kẹsàn-án. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, Ọdẹ́dìran ń ha irun lára awọ ìgalà ní ẹ̀yìnkùlé, ni alápàndẹ̀dẹ̀ kan bà lé e lórúnkún. Òwú aró wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, Ọdẹ́dìran sì mọ òwú náà: ìṣẹ́tí ìró tí òun rà fún ọmọ òun nígbà ìgbéyàwó ni.

"Ọdẹ́bùnmi bí ọkùnrin ní ọjọ́ Ajé," ni ẹyẹ náà wí. "Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ń wo ojú sánmà."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Ó ka ọjọ́ lórí ìka: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, mẹ́ta ti lọ. Ajé tí ń bọ̀ ni ìkẹjọ. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á, àwọn méjèèjì sì ń ti ara wọn ní àyà rẹ̀ bí àgbò méjì lẹ́nu ọ̀nà kan.

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìn tó?"

"Fún ẹsẹ̀ ènìyàn, oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀. Fún èmi, oorun méjì ni mo sùn lọ́nà. Ṣùgbọ́n n kò ru nǹkan kan, n kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀." Alápàndẹ̀dẹ̀ gbọn ìyẹ́ rẹ̀. "Ẹ lọ sí Ìlú Abìyẹ́. Àwọn tí ń gbé ènìyàn fò wà níbẹ̀. Ẹ gba inú Igbó Abẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè Olójúkan dáadáa, nítorí òun ni ó ni ọ̀nà."

Kí ẹyẹ tó fò tán, Ọdẹ́dìran ti ń di ẹrù. Ó mú ìbọn, ó mú àpò oògùn, ó mú ohun ìsọmọlórúkọ: oyin nínú ahá, iyọ̀ nínú ewé, obì, orógbó àti ataare. Ó sì mú orúkọ náà gan-an, èyí tí ó ti fi pamọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọdẹ́pẹkùn ni ọmọ náà yóò máa jẹ́, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá pè é lè máa rántí ohun tí bàbá ìyá rẹ̀ ṣe.

Igbó Abẹ̀rẹ̀ kì í ṣe igbó tí ọmọ ènìyàn ń dúró ṣánṣán nínú rẹ̀. Gbogbo igi ibẹ̀ ni ó tẹ orí ba, gbogbo ẹranko ibẹ̀ ni ó ń fi ikùn fà, bí ènìyàn bá sì gbé orí sókè, ẹ̀ka igi a gbá a nípàkọ́, a ní, "Ta ni ìwọ ń bá dọ́gba?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ga báyìí ńkọ́?" Lágbàyí bèèrè nígbà tí ìtàn dé ibẹ̀.

"Mo ká ara mi bí ẹní," ni Ọdẹ́dìran wí. "Eékún mi wà létí mi, irùngbọ̀n mi ń gbálẹ̀ lọ níwájú mi. Àwọn ejò ń kí mi pé, 'Ẹ kú ìrìn, ará ilé wa.' Ìwọ Lágbàyí, bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, ikùn rẹ ìbá ti há sí ẹnu ibodè."

Gbogbo ojúde rẹ́rìn-ín, Lágbàyí fọwọ́ pa ikùn rẹ̀, ìtàn sì ń lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ọdẹ jáde sí gbangba kan. Níbẹ̀ ni ó bá Olójúkan, iwin tí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní àárín àyà. Ó jókòó sórí òkìtì, okùn kan sì yí i nídìí bí ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ìgbà. Kókó pọ̀ lára okùn náà, kókó kọ̀ọ̀kan sì ń kérora. Ọdẹ́dìran tẹjú mọ́ wọn dáadáa, ó rí i pé ènìyàn ni wọ́n, arìnrìn-àjò tí a ta ní kókó.

"Okùn yìí ni mo fi so ìlú mọ́ ìlú," ni Olójúkan wí. "Gbogbo ẹni tí ó ń kọjá ni mo ń bi ní ìbéèrè kan. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò kọjá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò bá mi fi gígùn kún okùn. Gbọ́: láàrin ìlú méjì, ọ̀nà kan náà, òkúta kan náà, odò kan náà. Èwo ni ó jìn jù, àlọ ni tàbí àbọ̀?"

Ọdẹ́dìran ya ẹnu láti sọ pé ọgbọọgba ni. Kókó kan lára okùn rọra ké pé, "Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn." Ó pa ẹnu dé wàràwàrà. Ó rántí ìgbà tí ó máa ń lọ sí igbó ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ ń sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àti bí ilẹ̀ kan náà ṣe máa ń fà bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà ní ìrọ̀lẹ́.

"Àbọ̀ ni," ni ó wí. "Ẹni tí ń lọ, ara rẹ̀ nìkan ni ó ń gbé lọ. Ẹni tí ń bọ̀, ohun gbogbo tí ó fi ojú rí ni ó ń rù bọ̀."

Olójúkan wò ó títí. Omi kan bọ́ láti ojú àyà rẹ̀, ó ṣàn gba ikùn rẹ̀ lọ. "Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé tèmi," ni ó wí, "n kò tíì lè padà." Ó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lójú ọ̀nà. "Máa lọ."

Bí ọdẹ ṣe gun òkè kan, Ìlú Abìyẹ́ ni ó rí. Ẹ̀yin ènìyàn, ohun tí ojú rí níbẹ̀ pọ̀. Igi ìrókò ọgọ́rùn-ún ni ó dúró lójúkan, ẹ̀ka wọn gbòòrò bí ìta ọba, ẹyẹ tí ó tóbi ju ilé lọ ń bà, wọ́n ń fò. Àwọn àṣá ń ké orúkọ ìlú tí wọ́n ń lọ bí ẹni ń polówó, àwọn arìnrìn-àjò ń sáré, ẹrù ń bọ́, ìyá kan ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ tí ó ti gun ẹyẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Atẹ́gùn ìyẹ́ wọn ń gbá aṣọ gbogbo ènìyàn sókè. Ọdẹ́dìran fẹ́ kígbe, ó fẹ́ jó, ó gbàgbé pé àgbà ni òun.

Òwìwí ni ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, òun ni olùwọn ẹrù. Nítorí pé ojúmọ́ ti mọ́, ojú kan rẹ̀ ń sùn, ìkejì sì ń ṣiṣẹ́. Ó ní òṣùwọ̀n ńlá kan. Ìyẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà ní apá kan rẹ̀.

"Ìbọn," ni òwìwí wí. Ọdẹ gbé e sí i. Òṣùwọ̀n mì díẹ̀. "Àpò." Ó mì díẹ̀. "Ohun ìsọmọlórúkọ. Ó dára. Ìwọ fúnra rẹ, gùn ún. Kí ni orúkọ?"

"Èmi ni Ọdẹ́dìran," ni ọdẹ wí, "Apẹkùn, a-gbá-ẹfọ̀n-nípàá, ẹni tí erin rí tí ó ya gba inú igbó—"

Gbìì! Òṣùwọ̀n já lulẹ̀. Ìyẹ́ fò sókè, ó sì bà lé òwìwí lórí.

Òwìwí la ojú kejì. "Mo mọ̀ pé yóò jẹ́ báyìí," ni ó wí. "Irin kì í wúwo, òkúta kì í wúwo. Ìhàlẹ̀ ni ó ń já ẹyẹ lulẹ̀ sínú òkun. Sọ gbogbo rẹ̀ sínú akèrègbè yìí, kí n dé e. Nígbà tí o bá ń padà, kí o wá gbà á."

Ọdẹ́dìran fi ẹnu sí akèrègbè. Ó sọ ti erin, ó sọ ti ẹfọ̀n, ó sọ ti ọjọ́ tí òun àti ìjì jìjàkadì. Bí ó ṣe ń sọ wọ́n ni ara rẹ̀ ń fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ti ẹkùn, kò sọ ọ́. Bí ó bá fi ti ẹkùn sílẹ̀, orúkọ ọmọ náà ńkọ́? Ó fi í sábẹ́ ahọ́n.

"Ó ku kan," ni òwìwí wí.

"Itọ́ ni," ni ọdẹ wí.

Òwìwí wò ó, oorun sì gbé e lọ.

Ẹyẹ tí yóò gbé e ni àgbà lékelèke kan, funfun báláú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí òpó ilé. Yèyé ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kò sì fẹ́ràn eré.

"Yèyé, ọjọ́ mélòó ni ìhín sí Ìparí-Omi?"

"Ọjọ́ mẹ́rin," ni ó wí. "Bí atẹ́gùn bá dára, tí o kò sì ta mí ní ẹ̀gbẹ́."

Ọdẹ tún ka ìka. Ọjọ́bọ̀ nìyí, ọ̀kan. Ẹtì, méjì. Àbámẹ́ta, mẹ́ta. Àìkú, mẹ́rin. Ó sì ku odindi ọjọ́ kan kí Ajé tó dé! Bí a ṣe ń kà á nílé nìyẹn. Ẹni tí ó bá ní òun yóò padà wá ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ náà ni a ti ń kà bọ̀. Ta ni ó mọ ìkà mìíràn?

Wọ́n gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ kò fò rí, kí ni n ó fi ṣe àkàwé rẹ̀? Ọdẹ́dìran ní ikùn òun kọ́kọ́ dúró nílẹ̀, ó ń jùwọ́ sí òun pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà ilé di igbá, igbá di ẹ̀wà, odò Ọya di okùn ṣòkòtò. Ìkùukùu ń kọjá létí rẹ̀, ó tutù bí omi inú àmù. Ó na ọwọ́, ó bu díẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.

"Kí ni adùn rẹ̀?" Lágbàyí bèèrè.

"Ó dàbí ẹ̀kọ tí ìyàwó rẹ sè," ni Ọdẹ́dìran wí. "Mo wá a lẹ́nu mi, n kò rí i."

Ó di ọ̀sán Àbámẹ́ta. Wọ́n ń kọjá lórí ìlú kan tí ó wà létí òkun, níbi tí àwọn ènìyàn tí etí wọn tó abẹ̀bẹ̀ ti jáde, tí wọ́n ń na ọwọ́ sókè. Àwọn Elétí ni wọ́n. Wọn kì í jẹ iṣu, wọn kì í jẹ ẹran, ìtàn ni oúnjẹ wọn. Wọ́n ń ké pé, "Ọdẹ, ebi ń pa wá! Ìtàn kan ṣoṣo!"

"Má dá wọn lóhùn," ni Yèyé wí.

"Yèyé, ẹ bà díẹ̀. Ọjọ́ kan wà lọ́wọ́ wa."

"Ọjọ́ wo?"

"Mo ti kà á," ni ọdẹ wí. Yèyé kò jà. Ẹni tí ó gun ẹyẹ ni ó ń sọ ibi tí ẹyẹ yóò bà.

Kí ni ó wà lẹ́nu ọdẹ tí yóò sọ? Ti ẹkùn ni. Ó sọ ọ́ láti ọ̀sán títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Àwọn Elétí ń jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ọwọ́, wọ́n ní kí ó bù sí i. Ó bù sí i. Ẹkùn kan di mẹ́ta, mẹ́ta di méje pẹ̀lú ọmọ wọn. Nígbà tí ó padà gun ẹ̀yìn Yèyé, orúnkún ẹyẹ náà yẹ̀.

"Kí ni o jẹ níbẹ̀?"

"N kò jẹ nǹkan kan, Yèyé."

Ẹyẹ fò, ṣùgbọ́n kò ga mọ́. Ó ń fò lórí omi báyìí, ìgbì ń na ahọ́n sí ikùn rẹ̀, omi òkun ń ta sí ọdẹ lójú àti lẹ́nu, atẹ́gùn sì ń gbẹ ẹ́ sí i lára.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ọdẹ́dìran tún fìlà ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wo iwájú kí ó lè rí òrùlé Ìparí-Omi. Ó wò ó títí di ọ̀sán. Omi ni. Ó wò ó títí oòrùn fi yẹ̀. Omi náà ni.

"Yèyé, níbo ni ìlú wà? Ọjọ́ mẹ́rin ti pé."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni."

"Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú!"

"Ọjọ́bọ̀ ni a gbéra," ni Yèyé wí. "Ta ni ń ka ọjọ́ tí a gbéra? Ọdẹ, ẹyin tí a yé lónìí, ṣé ó ti pé ọjọ́ kan lónìí? A ní láti sùn lé e kí ó tó di ọ̀kan."

"Ọmọ tí a bí lónìí, òní ni a ti ń kà á fún," ni ọdẹ wí.

"Nítorí pé ẹ̀yin kì í yé ẹyin ni."

Ó wá yé ọdẹ pé ọjọ́ tí òun fi ń tọrẹ fún àwọn Elétí, kò sí lọ́wọ́ òun rárá. "Nígbà wo ni a ó dé?"

"Ká ní a kò bà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀jẹun wọ̀nyẹn, ọ̀la ní ọ̀sán. Pẹ̀lú bí o ṣe wúwo yìí, ọ̀la, nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀ tán."

Ọdẹ́dìran ju ìbọn sínú omi. Ó dún gbọ̀ọ́. Ó ju àpò oògùn. Ó ju orógbó, obì, ataare. Ó di ahá oyin mú pẹ́, ó sì jù ú, iyọ̀ tẹ̀lé e. Yèyé kò fi ìka kan ga sí i.

"Kì í ṣe ìwọ̀nyẹn," ni ẹyẹ wí. "Ó wà lábẹ́ ahọ́n rẹ. N kò lè bá ọ jù ú."

Wọ́n fò ní gbogbo òru. Ilẹ̀ Ajé mọ́. Ọdẹ rí ojú Ọdẹ́bùnmi ní ọjọ́ ìdána, bí ó ti gbé e sókè wo òun. Ó sì ya ẹnu.

"N kò pa ẹkùn kankan," ni ó wí.

Yèyé fi apá gbá atẹ́gùn, ó ga díẹ̀.

"Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Mo bá a lábẹ́ igi àràbà, ó ti kú. Àgbà ẹkùn ni, kò ní eyín lẹ́nu, eṣinṣin ti bò ó lójú. Mo gun orí igi, mo jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo ń sunkún, nítorí mo rò pé oorun ni ó ń sùn. Igi gígùn ni mo fi tọ́ ọ wò. Nígbà tí mo gbé awọ rẹ̀ délé, ìyá mi pariwo, gbogbo ilé pariwo, wọ́n pè mí ní Apẹkùn. N kò rí àyè sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo rí àyè, ó ti dùn mọ́ mi."

Ẹyẹ náà ta sókè bí ọfà. Ohun kan jábọ́ lẹ́yìn wọn, òkun sì fọ́n ká. Ọdẹ́dìran mọ ohun tí ó bá a lọ. Ọdẹ́pẹkùn ti bọ́ sómi, orúkọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kò sí lẹ́nu rẹ̀. Oòrùn ń sáré lọ sí ìwọ̀ rẹ̀ níwájú, lékelèke ń sáré tẹ̀lé e, ọdẹ sì dọ̀bálẹ̀ mọ́ ìyẹ́ rẹ̀, ó ń wí pé, "Yèyé, ẹ má jẹ́ kí ó wọlé. Yèyé, ẹ dì í ní ìrù mú."

Ní etíkun Ìparí-Omi, Olúparí ti jókòó sórí àga, ó kọjú sí omi. Àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ tí wọn yóò fi gbé ọmọ lọ sí ààfin dúró. Àjùwọ̀n dojú bolẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọdẹ́bùnmi nìkan ni kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọmọ dání, ojú sánmà ni ó ń wò. Etí oòrùn ti kan omi.

"Ìyá ọmọ," ni ọba wí, "ó tó."

"Kábíyèsí, ó kù."

"Kí ni ó kù?"

Kí ó tó dáhùn, ohun funfun kan jábọ́ láti òkè, iyanrìn tú, ọkùnrin kan yí gbiiri láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ọba tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ni ọ́?"

"Èmi ni bàbá ìyá ọmọ náà."

"Apẹkùn ni a gbọ́ pé yóò wá."

"Kò lè dé, Kábíyèsí," ni Ọdẹ́dìran wí. "Ó wúwo jù."

Ọba fi ọwọ́ pa ẹnu, bóyá ẹ̀rín ni, bóyá kì í ṣe ẹ̀rín. "Oòrùn ti wọ ìdajì. Oyin dà? Iyọ̀ dà? Orúkọ dà?"

Ọwọ́ ọdẹ ṣófo. Ó fi í nu ojú, ó sì rí i pé nǹkan kan rí yanrìn-yanrìn lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Gbogbo òkun tí ó ti ta sí i láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ti gbẹ sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Ọdẹ́bùnmi, ó fi ìka ha irùngbọ̀n, ó sì fi kan ahọ́n ọmọ náà.

"Iyọ̀ rèé," ni ó wí. "A kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ kí ó tẹ́, ayé rẹ kò ní tẹ́. Bàbá ìyá rẹ kò pa ẹkùn. Ẹ̀rù máa ń bà á. Ṣùgbọ́n ó wá ọ dé." Ó wo oòrùn, ó kù bí èékánná. "Ọdẹ́wándé ni orúkọ rẹ."

Ọmọ náà fa iyọ̀ mu, ó yọ ojú, ó sì figbe ta. Àwọn ẹmẹ̀wà gbé apẹ̀rẹ̀ wọn sílẹ̀. Oòrùn wọlé.

Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú. "Bàbá mi, irùngbọ̀n yín ti funfun."

"Iyọ̀ ni. Ọdún mélòó ni o ti kúrò nílé?"

"Wọ́n ní mẹ́sàn-án ni. Èmi kì í ka ọjọ́ tí mo kúrò nílé, Bàbá. Bí mo bá kà á, n kò ní lè ka ìyókù."

Ibi tí Ọdẹ́dìran máa ń dákẹ́ sí nìyẹn, lábẹ́ igi emi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ ọ́, Lágbàyí agbẹ́gilére wí pé, "Bàbá, akèrègbè ọ̀dọ̀ òwìwí ńkọ́?"

"Ó na án sí mi nígbà tí mo ń bọ̀. Mo mú ti ìjì nínú rẹ̀, nítorí yín. Mo ní kí ó máa fi ìyókù mu omi."

"Kí ni kí a wá máa pè yín báyìí?"

"Ẹ pè mí ní Bàbá Wándé," ni ó wí. Ó wọlé lọ, ó sì já awọ ẹkùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti dé tí àwọn lékelèke bá ń kọjá lórí ìlú wa, Bàbá Wándé a kúrò nídìí iṣẹ́, a lọ dúró ní gbangba oko, a nawọ́ sókè. Bí wọ́n bá ti kọjá tán, òwú aró a wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi a ti ta á ní kókó, kókó kan fún ọdún kan tí ọmọ náà lò. Ọdún tí mo fi Ìdí-Emi sílẹ̀, ó pè mí wá kí n bá òun kà á, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Méje ni.